Mótò wo, bátìrì wo? Àkọsílẹ̀ káàtì oníná tí a kàn n'Ìbàdàn

Káàtì náà (ọkọ̀ kékeré tí àwọn ọmọ fi ń sáré) ti dúró lórí táyà mẹ́rin kí ọ̀rọ̀ mótò tó wáyé. Wẹ́dà àdúgbò ti jó férémù rẹ̀ pọ̀ pẹ̀lú páìpù onígun mẹ́rin (ìnṣì kan, irin rẹ̀ nípọn tó 2 mm), a ti de àga ọkọ̀ tòkúnbọ̀ kan mọ́ ọn, ọwọ́ ìdarí sì ń yí. Ohun tí yóò máa gbé e lọ ló kù. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ kékeré, kó lè máa dún bíi ti orí tẹlifíṣọ̀n. Mo ní ariwo tó wà ládùúgbò wa ti tó, owó bẹntiróòlù náà sì ti tó. Iná la máa lò.

N kò ní sọ púpọ̀ nípa férémù; ẹ fà á lé wẹ́dà tó mọṣẹ́ lọ́wọ́. Mótò àti bátìrì ni owó ti máa ń ṣòfò, torí ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ ra mótò, wọ́n á ra bátìrì tí owó tó ṣẹ́ kù bá ká, wọ́n á wá gbé e lọ sídìí òkè kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n rà. Èmi ti ìdí òkè bẹ̀rẹ̀. Òkè ló sọ iye eyín tó yẹ kó wà lára sprocket (irin eléyín tí ṣéènì ń yí), òun ló sọ iye ámpù (bí iná ṣe ń ṣàn tó) tí bátìrì máa tú jáde, ámpù yẹn ló sì sọ irú bátìrì tó yẹ.

1. Wíwọn òkè

Irinṣẹ́: ìwọ̀n ìfìkọ́ tí àwọn tó ń lọ òkè òkun fi ń wọn báàgì (tèmi kì í kọjá 50 kg), téèpù, okùn, pákó tó gùn ní mítà méjì, lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà, ṣọ́ọ̀kì.

Ìbàdàn kì í ṣe ìlú pẹrẹsẹ, ọgbà tí káàtì á ti máa sáré náà kò sì yàtọ̀. Ọ̀nà kan wà nínú rẹ̀ tó gùn tó 60 m tó ń gòkè lọ sẹ́nu géètì. Mo gbé pákó lé e, mo fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì tò ó gún, mo wọn àlàfo tó wà lábẹ́ orí kejì: 20 cm. Ìyẹn ni pé òkè náà ń fi mítà kan ga ní gbogbo mítà mẹ́wàá.

Férémù, táyà, àga àti ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́ 48 kg. Mo di iyanrìn 27 kg sínú àpò, mo gbé e síbi tí mótò àti bátìrì máa wà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi àgbà tó wọn 68 kg sì jókòó sórí àga. Gbogbo rẹ̀ di 143 kg. Mo so okùn mọ́ iwájú káàtì, mo fi ìwọ̀n kọ́ okùn, mo wá ń fà á díẹ̀díẹ̀ láìjá a gbà. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ìwọ̀n ka nǹkan bíi 3.5 kg. Lórí òkè, ó ka 18 kg, èjìká mi sì mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ fi 9.8 ṣe ìsọdipúpọ̀ kílò tí ìwọ̀n bá kà, ẹ tún fi ìyára ṣe é (iye mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan), wọ́ọ̀tì ló máa jáde. Mo fẹ́ kó gun òkè yẹn ní 15 km/h, ìyẹn mítà 4.2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan: 18 × 9.8 × 4.2, ó jẹ́ nǹkan bíi 740 W. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ ní 28 km/h, 3.5 × 9.8 × 7.8 jẹ́ 268 W, afẹ́fẹ́ tó ń ti káàtì sẹ́yìn á sì jẹ tó 170 W sí i. Kò tó 450 W lápapọ̀.

Torí náà, mótò 1000 W tó. Ẹni tó ní kí n má ra ohun tó kéré sí 2000 W, ọjà ló fẹ́ tà.

2. Àwọn mótò tí mo yẹ̀ wò

Ọjà Àràrọ̀mí ní Agodi Gate ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Kò sí ohun tó wà lára ọkọ̀ tí ẹnì kan kò ní tú jáde fún yín níbẹ̀. Bàbá kan tó ń ta sítátà gbọ́ ohun tí mo ń kàn, ó rẹ́rìn-ín, ó gbé sítátà Camry kan ka orí tábìlì.

“Ọmọ mi, èyí ń yí ẹ̀rọ ọkọ̀ ńlá. Ṣé káàtì ọmọdé ló wá máa bá a?”

“Ẹ ṣé, Bàbá. Ṣé ó lè yí fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìdúró?”

“Ìṣẹ́jú márùn-ún kẹ̀! Bó o bá di kọ́kọ́rọ́ mú pẹ́ báyìí, jíjó ló máa jó.”

Bàbá ti bá mi parí ẹ̀. Sítátà ń jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ámpù lórí 12 V, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni wọ́n sì ṣe é fún. Mo rí àwọn fídíò tó ń lò ó. Ẹ wo bí àwọn fídíò náà ṣe máa ń kúrú.

Mótò wáípà náà wà níbẹ̀, ó pọ̀, kò wọ́n. Ó lè ti nǹkan tó wúwo tó bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àmọ́ wọ́ọ̀tì rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí òkè mi ń bèèrè. Fún káàtì ọmọ ọdún mẹ́ta nínú pálọ̀, kò burú.

Àwọn ríwáyà kan máa ń sọ ọ́táńétọ̀ di mótò: wọ́n á yọ díódì inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á fa wáyà mẹ́ta jáde, wọ́n á fún kọ́ìlì àárín rẹ̀ ní iná lọ́tọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ntírólà (ẹ̀rọ tó ń darí iná láti bátìrì sí mótò) onífésì mẹ́ta ló ń fẹ́, kọ́ìlì àárín yẹn sì ń jẹ iná ní gbogbo ìgbà tí káàtì bá wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó fẹ́ràn ìdánwò lè gbìyànjú rẹ̀.

Mótò inú táyà kẹ̀kẹ́ oníná dára, ariwo rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ohun tó lé mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé táyà fúnra rẹ̀ ni mótò: kò sí ṣéènì, kò sí eyín tí mo lè pààrọ̀ bí òkè bá le ju bí mo ṣe rò lọ.

Ó wá ku méjì, 48 V àti 1000 W ni àwọn méjèèjì. Èkíní kò ní kábọ́ọ̀nù nínú, irú èyí tí wọ́n ń pè ní BLDC: wáyà ńlá mẹ́ta, wáyà tín-ín-rín márùn-ún, kọ̀ntírólà tó gbọ́dọ̀ bá a mu. Nínú 100 W tí bátìrì bá fún un, ó lè dá 85 sí 90 padà sórí ọ̀pá. Èkejì ni MY1020, oníkábọ́ọ̀nù, wáyà méjì péré, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá 78 nínú 100. Wọ́n pe BLDC ní ₦310,000 pẹ̀lú kọ̀ntírólà rẹ̀. MY1020 pẹ̀lú kọ̀ntírólà, pẹ́dà tọ́rótù, kọ́kọ́rọ́, ṣéènì àti sprocket jẹ́ ₦165,000.

Mo ra MY1020. Owó ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: bí ó bá bàjẹ́, ríwáyà tó bá ti tún sítátà ṣe rí máa mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí mo bá sì fẹ́ kó máa fà sẹ́yìn, kí n fi súwíìṣì yí wáyà méjèèjì padà nígbà tí káàtì bá dúró ni. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára: 48 V, 1000 W, 3000 rpm (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan), 26.7 A. Ẹ ṣe 48 × 26.7, ẹ máa rí 1282 W. 1000 W ló ń jáde lórí ọ̀pá, ìyókù di ooru. Ẹ rántí ooru yẹn, a máa tó padà bá a.

3. Eyín ṣéènì: ibi tí mótò ti fẹ́ jóná

Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí táyà bárò, mo yí i lẹ́ẹ̀kan péré pẹ̀lú èèyàn lórí àga, mo wọn ibi tí àmì dé: 1.15 m. Ẹ má fi ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára táyà ṣe é, torí táyà máa ń rọ̀ sílẹ̀ bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀.

Mótò náà ní eyín 11, ṣéènì 25H ló ń gbà (6.35 mm láti pín-ìn kan sí èkejì). Sprocket tó bá a wá ní eyín 55. Ìyẹn ni pé mótò á yí lẹ́ẹ̀márùn-ún kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. 3000 pín sí 5 jẹ́ 600, ẹ fi 1.15 m lù ú, ó di mítà 690 ní ìṣẹ́jú kan, 41 km/h. Lórí táyà bárò! Mo mọ̀ pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n òun ló wà lọ́wọ́, mo sì fẹ́ mọ ohun tí nọ́ńbà máa sọ.

Nọ́ńbà sọ̀rọ̀. Lórí pẹrẹsẹ, ó fò bí ẹyẹ. Lórí òkè, ó rọra ń rìn ju ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ díẹ̀, mítà tí mo fi gbá wáyà bátìrì mú ń ka 33 A láìsọ̀kalẹ̀, ibẹ̀ sì ni kọ̀ntírólà ti ń sé e. Lẹ́yìn tó gun òkè náà léraléra, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde tí ẹni tó ti jó fáànù rí kò lè ṣì mọ̀. Mo gbé tẹmómítà iwájú orí tó kù nílé láti ìgbà kòrónà jáde. Ó kọ̀ ọ́, torí pé ara èèyàn nìkan ló mọ̀, kò lè kà kọjá 43. Wáyà ìwọ̀n ooru tó bá mítà mi wá ni mo lẹ̀ mọ́ ara mótò: 96°C.

Ìṣirò rẹ̀ rèé. Kílò 18 tí òkè ń fà jẹ́ 176 N (níútìnì, ìwọ̀n agbára fífà). Ìdajì ìbú táyà jẹ́ 0.183 m, ìyí (agbára tí a fi ń yí nǹkan) tí ọ̀pá ẹ̀yìn ń fẹ́ jẹ́ 32 Nm. Pẹ̀lú eyín 55, mótò gbọ́dọ̀ fún un ní 6.4 Nm, láìka ohun tí ṣéènì ń jẹ. Mótò 1000 W tó ń yí ní 3000 rpm, 3.2 Nm ni wọ́n ṣe é fún. Ìlọ́po méjì ẹrù rẹ̀ ni mo gbé lé e lórí, kò sì ní fáànù nínú.

Mo rí sprocket eyín 80 rà ní Aláàbà l'Ékòó. Ẹni tó ń ta irin lórí léètì bá mi ṣe họ́ọ̀bù tí yóò dì í mú sórí ọ̀pá 25 mm, a sì fi pín-ìn kún ṣéènì. Ó fẹ̀ tó 16 cm, àmọ́ àlàfo tó tó 10 cm ṣì wà láàárín rẹ̀ àti ilẹ̀. Báyìí, mótò ń yí lẹ́ẹ̀meje àti díẹ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan, ìyára tó ga jù di 28 km/h, ìyí tí òkè ń bèèrè lọ́wọ́ mótò sì bọ́ sí 4.4 Nm. Ó ṣì ju 3.2 lọ, ṣùgbọ́n òkè 60 m kò gba ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ. Ọ̀nà kan náà, ẹni kan náà lórí àga: 61°C.

Bí ẹ bá fẹ́ náwó lé nǹkan kan lórí ọ̀rọ̀ òkè, ẹ kọ́kọ́ ná an lé sprocket. Eyín 25 tí mo fi kún un kò tó ₦25,000. Mótò tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ ì bá ti gba ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà púpọ̀, ì bá sì tún fẹ́ bátìrì tó tóbi sí i.

4. Bátìrì: ohun tí wọ́n kọ sí i lára àti ohun tó lè ṣe

Ohun mẹ́ta ni mo ń wá. Kó lè tú 35 A jáde láìjẹ́ kí fólítì rẹ̀ wó. Kó má wúwo ju 25 kg lọ. Kó gbé káàtì fún wákàtí kan, ó kéré tán.

Bátìrì ọkọ̀ ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń dárúkọ. Ẹyọ kan tó jẹ́ 75 Ah (iye ámpù tó lè tú, lọ́nà iye wákàtí) ń wọn tó 18 kg, mẹ́rin la sì nílò kó tó di 48 V: 72 kg, ó ju ẹni tó ń wa káàtì lọ. Léèdì inú rẹ̀ pẹlẹbẹ gan-an nítorí pé sítátà ni wọ́n ṣe é fún: kó tú iná púpọ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, kí ọ́táńétọ̀ sì tètè dá a padà. Bí ẹ bá ń fà á gbẹ lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kú. Bátìrì ìnfátà onítúbúlà ń gba kí wọ́n fà á dáadáa, àmọ́ ẹyọ kan rẹ̀ péré ju 60 kg lọ. Ó yá, ó di ọ̀rọ̀ ti ilé.

Mo dán bátìrì UPS (ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ǹpútà bí iná bá lọ) wò lákọ̀ọ́kọ́: 12 V, 18 Ah, mẹ́rin, àlòkù láti ọ́fíìsì kan, ₦15,000 lẹ́yọ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 22 kg. Lórí ìwé, 48 V × 18 Ah jẹ́ 864 Wh (wọ́ọ̀tì lọ́nà wákàtí). Ìwé yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà. Ah tí wọ́n ń kọ sára bátìrì léèdì, ti wákàtí 20 ni: bí ẹ bá ń fa 0.9 A, ó máa gbé e dé wákàtí 20. Bí ẹ bá fa 25 A, ẹ kò lè rí 18 Ah yẹn. Nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá lẹ máa rí, ìyẹn nígbà tó bá ṣì jẹ́ tuntun. Ọmọ Jámánì kan tó ń jẹ́ Peukert ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1897, síbẹ̀ kò tí ì dé etí àwọn tó ń ta bátìrì.

Tèmi kì í wá ṣe tuntun. Nígbà tí káàtì dúró, mítà ka 51.2 V. Lórí pẹrẹsẹ, 47 V. Ní àárín òkè, ó já wálẹ̀ sí 41.4 V, kọ̀ntírólà pa ara rẹ̀ (41.5 V ni wọ́n ṣe é kó máa kú), káàtì sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà sísàlẹ̀ pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ lórí rẹ̀. Bíréèkì ọ̀kadà tí a fi sẹ́yìn ló gbà wá lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo wọn bátìrì kọ̀ọ̀kan bí iná ṣe ń lọ, mẹ́ta ń ka 10.6 V sókè, ọ̀kan wà ní 9.3 V. Ọ̀kan yẹn ló ń fa àwọn yòókù lulẹ̀. Mo lè wá ẹlòmíràn fi pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òmíràn máa kan. Mo tà wọ́n fún ẹni tó ń ṣe iná gílóòbù sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ₦48,000. Ibẹ̀ ni wọ́n ti wúlò.

Ó kan lítíọ́ọ̀mù. Wọ́n gbé sẹ́ẹ̀lì lítíọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 18650 wá fún mi tí wọ́n kọ 9900 mAh sí lára. Irọ́ ni. Èyí tó dára gan-an nínú irú sẹ́ẹ̀lì yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 3500 mAh lọ, ó sì máa ń wọn 45 g sókè. Ẹ máa gbé ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn wúrà dání lọ sọ́jà. Sẹ́ẹ̀lì tó fúyẹ́ bí òwú kò sí ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn gidi tí wọ́n tú jáde lára láptọ́ọ̀pù wà, ṣùgbọ́n wọn kò ṣe wọ́n fún ámpù púpọ̀, bí irú lítíọ́ọ̀mù yẹn bá sì gbiná, omi kò ní tètè pa á. N kò ní gbé ọmọ ẹlòmíràn lé e lórí.

LiFePO4, irú lítíọ́ọ̀mù mìíràn, ni mo mú. Ó wúwo ju ti láptọ́ọ̀pù lọ díẹ̀, àmọ́ ó ṣòro kó gbiná, ó ń pẹ́, kì í sì wó fólítì bó bá ń ṣiṣẹ́. Kò jìnnà sí wa rárá: nínú ọ̀pọ̀ iná òpópónà onísólà tí wọ́n rì káàkiri ìlú yìí, sẹ́ẹ̀lì 32700 ló wà níbẹ̀, ẹyọ kan jẹ́ 3.2 V, 6 Ah, ó sì ń wọn nǹkan bíi 145 g. Àwọn tó ń tún iná sólà ṣe ní ọ̀pọ̀ rẹ̀ nílẹ̀, àlòkù tó ṣì dára. (Ẹ béèrè ibi tó ti wá o. Iná òpópónà tó ṣì ń tàn kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù.)

Ó wá ku iye tí a máa tò. Gbogbo ayé ló ń to 16 fún 48 V. Mo ṣí kọ̀ntírólà mi wò: 63 V ni wọ́n kọ sára kapásítọ̀ inú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì 16 tó kún dẹ́nu jẹ́ 16 × 3.65, ìyẹn 58.4 V. Ó wọlé, àmọ́ ó há. Pẹ̀lú 15, ó kún ní 54.75 V, ó sì jẹ́ 48 V gan-an ní àárín. Nísàlẹ̀, 41.5 V tí kọ̀ntírólà ti ń kú jẹ́ 2.77 V fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ó sì wà lókè 2.5 V tí kò yẹ kí ẹ jẹ́ kó kọjá. 15 ni mo tò, mẹ́rin mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn: sẹ́ẹ̀lì 60, 48 V, 24 Ah, nǹkan bíi 1150 Wh. Ìwọ̀n rẹ̀ kò pé 9 kg. Pẹ̀lú àpótí, ó di 11. Ìdajì bátìrì UPS, ó sì ní agbára jù ú lọ.

5. Yíyan sẹ́ẹ̀lì àti dídì wọ́n pọ̀

Mo ra 70 ní ₦2,500 lẹ́yọ, kí n lè rí èyí tí mo máa jù nù. Mo gba iná sí gbogbo wọn dé 3.65 V, mo fi wọ́n sílẹ̀ mọ́jú. Èyí tó bá já wálẹ̀ sí abẹ́ 3.3 V láìṣe iṣẹ́ kankan, ó ti ń jò nínú; mo yà á sọ́tọ̀. Àwọn yòókù ni mo so mọ́ rẹsísítọ̀ 1 Ω (25 W, torí ó ń gbóná), mo wo aago títí fólítì fi dé 2.5 V. Sẹ́ẹ̀lì tó pé 6 Ah máa lò tó wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 50. Èyí tí kò pé wákàtí kan ààbọ̀, mo dá a padà fún ẹni tó tà á fún mi. Òun náà kò jà. Iṣẹ́ yìí gùn, ó sì súni, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kan tó rẹ̀ nínú mẹ́rin ló máa sọ bí bátìrì yóò ṣe pẹ́ tó.

Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù sódà lẹ́ sẹ́ẹ̀lì lórí tààrà. Ooru rẹ̀ ń bà á jẹ́ láti inú. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún bátìrì láptọ́ọ̀pù ṣe ní àdúgbò Queen Cinema, ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ nikẹ́lì 0.15 × 8 mm mọ́ ọn. Ìpele kan nikẹ́lì yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá 5 sí 7 A. Lórí òkè, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan tèmi máa ń tú tó 8 A. Mo ní kó fi ìpele méjì sí i. Ó kọ́kọ́ bínú sí mi díẹ̀, ó ní kí n jẹ́ kí òun ṣe iṣẹ́ òun. Mo ní ẹ má bínú, Ọ̀gá, mo fi owó kún un, ó ṣe é.

BMS (pátákó iná tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì kó má kún jù, kó má sì gbẹ jù) tí mo rà jẹ́ ti sẹ́ẹ̀lì 15, 40 A. (Ti 16 kì í sábà gbà láti ṣiṣẹ́ fún 15, ẹ má gbà bí wọ́n bá ní “ìkan náà ni”.) Wáyà tín-ín-rín 16 ló ní. Kí ẹ tó ki ẹnu wáyà náà bọ inú BMS, ẹ fi mítà kà wọ́n láti òpin nẹ́gẹ́tíìfù: 3.3, 6.6, 9.9, bẹ́ẹ̀ lọ títí dé nǹkan bíi 50. Lára tèmi, lẹ́yìn 23.1, mítà fò lọ sí 29.7 kó tó padà sí 26.4: wáyà méjì ti gba ipò ara wọn. Bó bá jẹ́ pé mo ti kì í wọlé ni, BMS ₦32,000 ti di èéfín.

6. Wáyà

Wáyà sólà 6 mm², pupa àti dúdú, láti bátìrì dé kọ̀ntírólà, kó má gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Fíùsì 40 A wà níbi tí kò jìnnà sí pọ́sítíìfù bátìrì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni bíréékà 63 A tí mo fi ṣe súwíìṣì pàjáwìrì, ó wà níbi tí ọwọ́ ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàtì lè tó. Bíréékà DC ni kí ẹ rà, irú tí àwọn onísólà ń lò. Ti ilé kò dára fún un: iná Nẹ́pà máa ń dé òdo lẹ́ẹ̀ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ibẹ̀ ni iná tó bá ta láàárín bíréékà ti ń kú, ṣùgbọ́n iná bátìrì kì í dé òdo, ó lè máa jó lọ nínú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ so bátìrì mọ́ kọ̀ntírólà, ó máa ta pàrà! Kapásítọ̀ ló ń mu iná lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fi rẹsísítọ̀ 100 Ω àti súwíìṣì kékeré gba ẹ̀gbẹ́ bíréékà: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ka ẹyọ kan sí mẹ́ta, kí ẹ tó gbé bíréékà sókè. Kò ta mọ́.

Ṣájà 54.75 V, 5 A, ti LiFePO4 oní-15. Ẹ má fi ṣájà bátìrì léèdì 48 V gba iná sí i o: ó lè ti i dé 58 V, ìyẹn tó 3.87 V fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ṣájà yìí ń jẹ nǹkan bíi 310 W, torí náà bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré 650 W tí gbogbo wa mọ̀ gbé e dáadáa. Láti òfo dé kíkún, bíi wákàtí márùn-ún.

7. Àbájáde àti owó

Pẹ̀lú bátìrì tuntun, gbogbo ẹrù bọ́ sí 132 kg. Bátìrì tó ń sinmi: 50.1 V. Ní àárín òkè, ní 32 A: 48 V, kò sì wó mọ́ bó ti wù kí wọ́n gùn ún tó. Mo jẹ́ kí wọ́n sá 14 km (fóònù ló ka ọ̀nà náà), mo wá fi mítà wo iná tí ṣájà fà padà láti ara ògiri: 0.42 yúníìtì. Kò tó ìdajì yúníìtì! Bó ṣe rí yìí, tó bá kún, ó lè sá kọjá 35 km, wọn kò sì tí ì sá a tán rí kí ìyá wọn tó pè wọ́n wọlé.

Ohun tí mo san:

Mótò, kọ̀ntírólà, pẹ́dà: ₦165,000
Sprocket 80, ṣéènì, iṣẹ́ léètì: ₦24,000
Ọ̀pá ẹ̀yìn 25 mm àti bíárìnì UCP205 méjì: ₦38,000
Táyà bárò mẹ́rin: ₦52,000
Páìpù àti owó wẹ́dà: ₦70,000
Bíréèkì ọ̀kadà: ₦22,000
Sẹ́ẹ̀lì 70: ₦175,000
BMS: ₦32,000
Nikẹ́lì àti iṣẹ́ ọwọ́: ₦25,000
Ṣájà: ₦45,000
Fíùsì, bíréékà, wáyà, rẹsísítọ̀: ₦28,000

Ó jẹ́ ₦676,000, ẹ fi ₦12,000 tí mo pàdánù lórí bátìrì UPS kún un. Ẹ wo ibi tí owó wà: bátìrì àti ohun tó ń tọ́jú rẹ̀ gba ₦277,000, mótò ₦165,000. Ẹni tó bá fi gbogbo owó rẹ̀ sórí mótò tán, kí ló fẹ́ fi gbé e?

Iṣẹ́ tó kù: ìbòrí irin fún ṣéènì kí aṣọ má kó sí i, àti súwíìṣì fífà sẹ́yìn. Mò ń wo ṣéènì lẹ́yìn gbogbo eré, kó má dẹ̀ ju 10 mm lọ, mo sì ń fún gbogbo nọ́ọ̀tì táyà. Nítorí àbúrò wọn kékeré, mo ki bóòtì kan sábẹ́ pẹ́dà kí ẹsẹ̀ má lè tẹ̀ ẹ́ kọjá ìdajì, kò ju 15 km/h lọ. Ó ti mọ ibi tí bóòtì náà wà. Láti àná ló ti ń béèrè ibi tí mo gbé sípánà 10 sí.